Ẹsẹ̀ Ilé Làmídì Olóògùn

Ká tó pe ẹsẹ̀ ní arọ, ká bi inú bóyá ó ti jẹun. Gbogbo wa là ń pa òwe yìí lágbègbè wa, àmọ́ ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Èmi mọ̀ ọ́n, inú sì máa ń bí mi nígbàkígbà tí mo bá ń sọ ọ́.

Làmídì Olóògùn ló fà á. Àgbo ló ń tà káàkiri Òkè Ògùn. Ó ra ọkọ̀ akẹ́rù kan, ó ní kí káfíńtà bá òun kan yàrá pákó sẹ́yìn rẹ̀, níbi tí òun àti Ṣìfáwù ìyàwó rẹ̀ ń sùn. Yàrá náà ní jáàkì oníná mẹ́rin, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan, bátìrì kan nínú yàrá ló sì ń fún wọn níná. Bí wọ́n bá dé ọjà, Làmídì á tẹ bọ́tìnnì, àwọn jáàkì á sọ̀ kalẹ̀ bí ẹsẹ̀, wọn á gbé yàrá sókè, Ọ̀ṣúnlékè awakọ̀ á sì wa ọkọ̀ jáde lábẹ́ rẹ̀ lọ polówó ní abúlé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn á tún gbé yàrá sókè díẹ̀ sí i kí ọkọ̀ lè padà sábẹ́ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ yìí ni wàhálà máa ń dé. Jáàkì á kùn, á dákẹ́. Ọ̀kan á dìde, èkejì á kọ̀. Làmídì pààrọ̀ jáàkì, ó rọ òróró sí i, ó fi hámà lù ú. Ohun tí kò ṣe náà ni kó jókòó ronú. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ ronú, yóò wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù.

Lọ́jọ́ ọjà Ìgànná, igun méjì dìde, méjì yòókù kò mì rárá. Yàrá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìgò àgbo ń já bọ́, wọ́n ń fọ́. Làmídì gbá Ọ̀ṣúnlékè, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abúlé dé, lọ́rùn ẹ̀wù mú.

"Ìwọ ọ̀dàlẹ̀ yìí! Àwọn tá a jọ ń tajà ló rán ẹ sí mi, àbí? Ìwọ lo sọ ẹsẹ̀ ilé mi di arọ!"

"Ọ̀gá, mi ò sí ńbí látàárọ̀. Abúlé lẹ rán mi lọ."

"Pa ẹnu ẹ dé! Kó ẹrù ẹ, mi ò fẹ́ẹ́ rí ẹ mọ́!"

Gbogbo ọjà ló gbọ́. Orúkọ rere nìkan ni awakọ̀ fi ń ríṣẹ́. Ta ni yóò tún gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé ọ̀dàlẹ̀ lọ́wọ́? Ìwà ìkà gbáà ni.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn orí yàrá ń fi ohùn Làmídì fúnra rẹ̀ pariwo: "Ẹsẹ̀ ríro, ẹsẹ̀ kíkú, ẹ wá gbàgbo!" Láti àárọ̀ ló ti ń ké bẹ́ẹ̀, torí Làmídì gbà pé ọjà tí kò bá pariwo kò ní tà. Ó sú Ṣìfáwù. Ó fa wáyà rẹ̀ yọ, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Kúdí, bátìrì kan náà ni gbohùngbohùn yìí àti jáàkì ń lò! Ariwo yín ló jẹ gbogbo iná inú ẹ̀ tán. Kí lẹ fẹ́ kí jáàkì jẹ?"

Wọ́n fi wáyà so bátìrì náà mọ́ ti ọkọ̀, wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Làmídì tẹ bọ́tìnnì. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dìde láìjanpata.

Ó wá rọra lọ bá Ọ̀ṣúnlékè lẹ́bàá títì, níbi tó ti gbé báàgì dání. "Ọ̀rọ̀ ti tán. Jẹ́ ká máa lọ."

"Ojú ọjà lẹ ti pè mí ní ọ̀dàlẹ̀, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká padà síbẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé n kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀."

Làmídì wo ọjà, ó wo ilẹ̀. Ó kọ̀ láti padà síbẹ̀. Ọ̀ṣúnlékè gun ọ̀kadà, ó lọ. Làmídì ò sì mọ ọkọ̀ wà. Ibẹ̀ ni Ṣìfáwù ti wò ó, tó ní, "Ẹ ò bá ti bi inú bóyá ó jẹun, kẹ́ ẹ tó pe ẹsẹ̀ ní arọ."

Ẹni tó bá sáré dá ẹlòmíràn lẹ́bi, láìwádìí ohun tí òun fúnra rẹ̀ fi dù ú, ni àwọn àgbà máa ń pa á fún: Ká tó pe ẹsẹ̀ ní arọ, ká bi inú bóyá ó ti jẹun. Bí wọ́n bá pa á tán, wọn á ní kí onítọ̀hún lọ tọrọ àforíjì níbi tó ti bú èèyàn gan-an, kì í ṣe ní kọ̀rọ̀.