Ẹ̀wù Ààbò Abẹ́ Agbádá

Ọkùnrin kan wà tí ó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa òkúta ẹfun, òkúta tí wọ́n ń lọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Ó mọ òkúta náà bí ìyá ṣe mọ ọmọ rẹ̀. Bí ó bá fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì péré, yóò sọ fún ọ bóyá inú rẹ̀ le tàbí ihò wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá tí wọ́n ti ìlú òyìnbó kàwé bọ̀ a máa pè é kí wọ́n tó ki dínámáìtì bọ ara òkúta. Lórí ilẹ̀, kò sí ohun tí ń dẹ́rù bà á.

Omi ni ó ń dẹ́rù bà á. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, odò kan gbé e lọ, igi ni wọ́n fi fà á jáde. Láti ọjọ́ náà, omi tí ó bá ti ju ti inú garawa lọ, kò fẹ́ rí i. Kò mọ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó tí ó ti ń bá a gbé láti ọdún mẹ́rìndínlógójì kò mọ̀. Bí ìrìn àjò bá ti ní ọkọ̀ ojú omi nínú, ọkùnrin náà yóò ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun. Má rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ àwa ọkùnrin la ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Ó ní ọmọbìnrin kan. Ọmọ náà fẹ́ ọkọ láti ilẹ̀ Ìlàjẹ, àwọn méjèèjì sì ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè kan lọ́hùn-ún ní ìlà-oòrùn ayé. Nígbà tí ìgbéyàwó wọn pé ọdún márùn-ún, wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn òbí ìhà méjèèjì. Wọ́n ní àwọn yóò mú wọn lọ sí ibi tí òkun gbé ya wọ inú ilẹ̀, tí òkúta gíga-gíga tí ẹnikẹ́ni kò lè kà dúró sínú omi. Wọn yóò sun orí ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá wọn láàárín òkúta.

Bàbá bi ọmọ rẹ̀ lórí fóònù pé, "Irú òkúta wo ni?"

"Òkúta ẹfun ni, Bàbá. Irú tiyín gan-an ni."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èyí tí à ń fọ́ nílé, òun ni ẹ fẹ́ kí n wọ ọkọ̀ òfurufú lọ wò?"

Inú rẹ̀ dùn sí òkúta. Omi tí òkúta náà dúró sí ni inú rẹ̀ kò dùn sí. Ṣùgbọ́n àwọn àna rẹ̀ ti gbà láti lọ, kò sì rí àwáwí kankan ṣe. O mọ bí ọ̀rọ̀ àna ti rí láàárín wa. A kì í fẹ́ kí àna rí ẹ̀yìn wa, áḿbọ̀sì kí ó rí ẹ̀rù wa. Apẹja sì ni bàbá ọkọ ọmọ rẹ̀. Inú ilé tí wọ́n fi òpó gbé ró sórí omi ni wọ́n bí i sí, ó ti ń lúwẹ̀ẹ́ kí ó tó mọ ìwé kà. Ní ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ọkùnrin òkúta yìí ti là á mọ́lẹ̀ fún apẹja náà pé kò sí ohun tí ń dẹ́rù ba ìdílé tòun.

Nígbà tí wọ́n dé orí ọkọ̀, ọ̀gá ọkọ̀ pín ẹ̀wù ààbò fún olúkúlùkù. Ẹ̀wù pupa rúsúrúsú ni, kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ó fi okùn kan hàn wọ́n lẹ́yìn ọrùn ẹ̀wù náà. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá já sómi, àwọ̀ pupa yẹn ni àwọn yóò fi rí i, okùn yẹn ni àwọn yóò sì dì mú. Nítorí náà, òkè aṣọ ni kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ sí nígbàkigbà tí wọ́n bá ń bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré.

Kíá ni apẹja ti wọ tirẹ̀ lé síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórí, ó so ó, ó sì tún fà á wò bóyá ó dè dáadáa. Ẹnu ya ọkùnrin òkúta.

Ó ní, "Ẹ̀yin náà, àna mi? Ẹ̀yin ọmọ omi?"

Apẹja dá a lóhùn pé, "Àwa tí a mọ̀ ọ́n là ń bẹ̀rù rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ló ti bómi lọ, gbogbo wọn ló sì mọ omi jù mí lọ."

Ìdáhùn tí ó lè gba ọkùnrin yìí là nìyẹn. Etí ni ó fi gbọ́ ọ, kò jẹ́ kí ó dé inú.

Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Agbádá tuntun ni ó wọ̀ nítorí àna àti nítorí fọ́tò. Ó gbé ẹ̀wù ààbò lé e lórí, ó wo dígí, ó rí ara rẹ̀ bí àpò ìrẹsì tí wọ́n fi okùn dì láàárín. Ó bọ́ ọ. Ó rántí omi, ó tún gbé e. Nígbà tí ó pẹ́, ọgbọ́n kan sọ sí i. Ó bọ́ agbádá, ó wọ ẹ̀wù ààbò mọ́ra, ó sì da agbádá bò ó. Ó wo dígí. Àyà rẹ̀ ga díẹ̀, ṣùgbọ́n ọlá ni ó jọ. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ti rí ààbò, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó wá a.

Ní alẹ́, ó wọ ẹ̀wù náà sùn. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bi í ohun tí ó wú lábẹ́ aṣọ ìbora, ó ní òtútù ló ń mú òun.

Ilẹ̀ mọ́. Ìkùukùu ká kúrò lórí omi, àwọn òkúta sì yọ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tí igi hù sí wọn lórí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí fi rí inú òkúta ẹfun, kò tíì rí i kí ó dúró lódidi báyìí rí. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé bí òun bá kú lónìí, òun ti rí nǹkan. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ó má fi ẹnu ara rẹ̀ pe ikú.

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré kan tí obìnrin kan ń fi àjẹ̀ wà, kí wọ́n lè gba inú ihò òkúta kan kọjá. Obìnrin náà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí pupa lára gbogbo wọn àfi ẹnìkan. Ó nawọ́ sí àyà ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà gbá àyà pẹ̀pẹ̀.

Ó rọra sọ fún ọmọ rẹ̀ tí ó jókòó tì í pé, "Ó wà nínú."

Obìnrin náà mi orí, ó sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn gbọ́ èdè náà. Ó tẹ̀ sí etí bàbá rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ó ní kí ẹ wọ̀ ọ́ síta."

Bàbá rẹ̀ kàn fi ojú kan wò ó. Ọmọ náà wo àwọn òbí ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jókòó síbẹ̀, ó sì rántí pé a kì í bá bàbá ẹni wí níwájú àna. Ó yíjú sí obìnrin awakọ̀, ó ní bàbá òun ti wọ̀ ọ́. Irọ́ kọ́ ni ó pa. Obìnrin náà ki àjẹ̀ bọ omi, wọ́n sì lọ.

Ẹnu ihò náà kò ga. Gbogbo wọn tẹrí ba. Ọkùnrin yìí gbójú sókè, ó rí òkúta tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án lórí, ọwọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Láti àná ni ó ti ń dákẹ́ lórí omi apẹja. Níhìn-ín wàyí, ọ̀dọ̀ òkúta tirẹ̀ ni ó dé.

Ó ní, "Àna mi, ẹ fetí sílẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí òkúta yìí yóò wí."

Ó gbé ìdí kúrò níjòókòó, ó nàgà. Ó fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ fì sápá kan kí ó tó kàn án lẹ́ẹ̀kejì, ọkùnrin náà sì já sómi.

Bí ó ti já sí i ni agbádá ká sókè bò ó lórí. Ẹ̀wù ààbò ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e sókè. Ṣùgbọ́n inú agbádá ni ó gbé e lọ. Aṣọ tútù lẹ̀ mọ́ ọn nímú, ó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ọkùnrin náà léfòó lójú omi, kò sì lè mí.

Apẹja ti bẹ́ sómi. Ó wá pupa, kò rí i. Ó wá okùn, aṣọ ni ọwọ́ rẹ̀ ń bá. Ó fa aṣọ, aṣọ yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó kígbe sí ìyàwó ọkùnrin náà pé, "Ṣé ó tilẹ̀ wọ ẹ̀wù yẹn? Ibo ni mo ti lè dì í mú?"

Ìyàwó rẹ̀ di etí ọkọ̀ mú. Ó ní, "N kò mọ̀! Ẹ gbà mí, n kò mọ̀!"

Ọmọbìnrin yẹn ni ó kígbe nígbẹ̀yìn. Ó ní, "Abẹ́ agbádá ló wà! Ẹ ya á! Ẹ ya agbádá náà!"

Obìnrin awakọ̀ na ọ̀bẹ sí apẹja. Apẹja la agbádá láti ọrùn dé ìdí. Pupa yọ, okùn yọ, ó sì fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n gbé ọkùnrin náà sínú ọkọ̀, ó pọ omi, ó húkọ́, ó sì mí.

Nígbà tí wọ́n padà sórí ọkọ̀ ńlá, tí wọ́n ti fi kúbùsù bò ó, apẹja jókòó tì í.

Ó ní, "Àna mi, ẹ kò mọ omi ni?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. Ó ní, "N kò mọ̀ ọ́n."

Ó rò pé ojú sánmà yóò já lé òun lórí. Kò já. Apẹja kàn ní, "Ẹ ò bá sì ti wí. Ǹ bá jókòó tì yín, ǹ bá di apá yín mú." Ó dìde, ó lọ wá tíì gbígbóná fún un.

Ìyàwó rẹ̀ ni kò lè gbàgbé bọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá Mosún, ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo ti jẹ́ aya yín. Mo rò pé bí wọ́n bá jí mi lójú oorun pé kí n wá gbà yín là, n óò mọ ibi tí mo lè dì mú lára yín. Lónìí, wọ́n bi mí léèrè, n kò sì rí èsì kan fọ̀." Ó sunkún. Ọkùnrin náà sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú àna.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó tún bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré. Síńgílẹ́ẹ̀tì ni ó wọ̀, ẹ̀wù pupa wà lókè rẹ̀ gbangba, apẹja jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ lápá òsì. Ó la ihò náà kọjá dé òdìkejì.

Wàyí o, Ọládọ̀tun, ìwọ ni ọ̀rọ̀ kàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyí tí o ti ń yà sílé mi ní òròòwúrọ̀ kí o tó lọ síbi iṣẹ́. O ń wá lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí o ní kí n bá ọ fi pamọ́, kí ìyàwó rẹ má baà rí i. O lọ sọ́dọ̀ dókítà, o káre. O ò pa ọjọ́ kan jẹ, ìyẹn náà dára. Ẹ̀wù ààbò wà lọ́rùn rẹ, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n abẹ́ agbádá ni o wọ̀ ọ́ sí.

Bí ara bá kọ̀ fún ọ lójijì, èmi kọ́ ni n óò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ìyàwó rẹ ni. Òun ni yóò gbé ọ dé ilé ìwòsàn, òun ni wọn yóò bi pé kí ni ó ń ṣe ọ́, oògùn wo lò ń lò. Kí ni o fẹ́ kí ó wí? Lónìí gan-an, ìfẹ́ ni ó fi ń bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ rẹ, iyọ̀ tí dókítà ní o kò gbọdọ̀ jẹ. O ní o kò fẹ́ kí àyà rẹ̀ já. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àyà tó já a máa padà sípò. O ò fẹ́ kí ó rí ọ ní aláìlera, òun nìyẹn, má fi ìfẹ́ bò ó.

Èmi náà jẹ̀bi. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ìyàwó rẹ bi mí bóyá ara rẹ le, mo ní o wà dáadáa. Èmi ni ọmọ tí ó sọ fún awakọ̀ pé bàbá òun ti wọ̀ ọ́. N kò ní í sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ike oògùn rẹ nìyí. Kò ní í sun ilé mi lónìí. Gbé e lọ sílé, gbé e sórí tábìlì ìjẹun, kí o sì sọ orúkọ rẹ̀ fún ìyàwó rẹ títí yóò fi mọ̀ ọ́n pè. Má wulẹ̀ ronú ibi tí o máa gbà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo ti tẹ̀ ẹ́ láago kí o tó dé, mo ní o ní ohun kan láti fi hàn án. Ó ti jókòó sílé, ó ń retí rẹ.