Ẹsẹ̀ Òjòlá

Ààlọ́ o! Ẹ gbè é kó dún! Àlọ́ mi dá lé Òjòlá, nígbà tó ṣì ní ẹsẹ̀ mẹ́rin.

Lọ́dún tí oòrùn mú janjan, ojú nìkan ni Òjòlá ń fi òrí ra. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sán títí ó fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, tí igbó pa lọ́lọ́, àwọn ẹsẹ̀ náà kọrin:

Òjòlá, fi òrí ra wá lára o,
— Ilẹ̀ ń jó wa!

"Ojú layé ń wò," ló dá wọn lóhùn.

Wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó pòṣé. Wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti ń hanrun.

Nígbà tó jí, kò rí ẹsẹ̀ lára rẹ̀ mọ́. Ìró wọn ló ń gbọ́ nínú ewé gbígbẹ, tí wọ́n ń lọ. Títí dòní ló ń fi àyà wọ́ tẹ̀ lé wọn.

Ẹ dákẹ́ ná. Ewé ń ró lẹ́yìn ilé.

Ta ni kò tíì fi òrí ra ẹsẹ̀ nínú yín?