Apá Ògúnmọ́dẹdé àti Igi Tó Wó Létí Odò

"Ọgbọ́n ju agbára lọ." Gbogbo wa la ń wí i. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ò lápá, kò lẹ́yìn tó fi ń ru ẹrù. Kí ló wá fi ju agbára lọ? Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ n rò ó fún yín.

Ògúnmọ́dẹdé lágbára bí ẹfọ̀n, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lóko, ìyá rẹ̀, Ẹfúnyẹlá, a máa kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá yí òkúta kúrò níbi tí wọ́n fẹ́ kọ ebè sí. Ògúnmọ́dẹdé á bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá mi, ẹ fi eré ọmọdé sílẹ̀. Kí ni apá wà fún?"

Lọ́jọ́ kan, òun, ìyá rẹ̀ àti Ìbídùn, àbígbẹ̀yìn Ògúnmọ́dẹdé, ń sá fún òjò bọ̀ láti oko. Létí odò ni ìjì ti wó igi lu ọmọ náà, igi sì ha ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ inú ẹrẹ̀. Odò ti ń kún.

Ògúnmọ́dẹdé sáré sí i. Ó gbá igi mọ́ra, ó fà á títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi le. Igi ò mira. Omi dé ìbàdí ọmọ.

"Yéè! Ọmọ mi ń kú lọ!" ni ó ké.

Ẹfúnyẹlá ti ki ọ̀pá gígùn kan bọ abẹ́ igi, ó sì yí òkúta sábẹ́ ọ̀pá náà. "Mọ́dẹdé, wá tẹ̀ ẹ́!"

Ògúnmọ́dẹdé fi ọwọ́ kan di ọ̀pá mú nítòsí òkúta, ó fi ọwọ́ kejì di ọmọ rẹ̀ mú. Ó tẹ̀ ẹ́, asán ni. Omi dé àyà.

"Bàbá mi," Ìbídùn ké sí i, "ẹ fi mí sílẹ̀. Ìpẹ̀kun ọ̀pá ni kí ẹ lọ. Bí ẹ bá ṣe jìnnà sí òkúta tó ni igi ṣe máa fúyẹ́ tó. Ìyá àgbà ló kọ́ wa."

"Kí n fi ọ́ sílẹ̀ kẹ̀? Omi á gbé ọ lọ!"

"Mo dì í mú!" ni Ẹfúnyẹlá pariwo.

Ẹ̀rù ò tíì ba Ògúnmọ́dẹdé tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó já ọwọ́ ọmọ sílẹ̀, ó fẹ̀yìn rìn dé ìpẹ̀kun ọ̀pá, ó tẹ̀ ẹ́. Ká má parọ́, wẹ́rẹ́ ló tẹ̀ ẹ́, igi gbéra. Ẹfúnyẹlá fa ọmọ yọ.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá kí i ní "Alágbára!", á mirí. "Apá yìí náà ló wà lára mi nígbà tí ọmọ mi ń kú lọ. Ọgbọ́n ju agbára lọ."