Àrá Tó Sán Wọ Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Fọ́tò

Ní Òkè-Ìrókò, ọkùnrin kan wà tó ń ya fọ́tò, Gbádébọ̀ lorúkọ ẹ̀. Bàbá Fọ́tò ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìkómọ o, ìsìnkú o, òun ló ń yà á, inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló sì ń kó gbogbo ẹ̀ sí. Àyọ̀ká ìyàwó ẹ̀ ti kú. Fọ́tò obìnrin náà ò pọ̀, torí kì í dúró kí wọ́n ya òun. Ìwọ̀nba tó wà, inú kọ̀ǹpútà yẹn náà ni. Àràárọ̀ ni Bàbá máa ń ṣí i wò kó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ìbídùn, ọmọ ọ̀rẹ́ ẹ̀, ń gbé ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa bá àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn látorí íńtánẹ́ẹ̀tì, láìfẹsẹ̀ kan ọ̀dọ̀ wọn. Ó ní òun fẹ́ máa fi ẹ̀dà iṣẹ́ Bàbá pa mọ́ sínú àwọsánmà. Bàbá bi í pé tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tójú ọ̀run mọ́ kedere, ibo ni fọ́tò onífọ́tò á wà? Ìbídùn rẹ́rìn-ín títí. Ó ní orúkọ lásán ni, pé kọ̀ǹpútà ńláńlá ni, ilé míì tó jìnnà ló wà, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ tọ̀sántòru.

Bàbá gbà, àmọ́ ó là á mọ́lẹ̀. "Fódà Oníbàárà nìkan ni kó o kó. Má fọwọ́ kan Fódà Ilé, ibẹ̀ ni Àyọ̀ká wà. Mo ti gbé ìyàwó mi sínú ilẹ̀, mi ò tún ní gbé e sójú ọ̀run."

Ohun tó wí náà ni Ìbídùn ṣe.

Òjò wá rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Àrá sán, ó gba wáyà iná wọ ṣọ́ọ̀bù. Kọ̀ǹpútà yọ èéfín, ó dákẹ́. Ọlọ́run ló yọ Bàbá, ẹnu ọ̀nà ló wà, ó ń kó àga wọlé. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe tú u wò, ó ní kò sóhun tó kù níbẹ̀ mọ́. Àwọn aládùúgbò ní kí Bàbá dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò lọ sí i. Ó ní òun dúpẹ́, àmọ́ ojú Àyọ̀ká ti ń ṣá lọ lọ́kàn òun, òun ò sì ní ibi tí òun ti máa rí i mọ́.

Ìbídùn ní kó yá kọ̀ǹpútà aládùúgbò kan. Láti Ìbàdàn ló ti ń dá fọ́tò oníbàárà padà sínú ẹ̀: ìyàwó tuntun, ọmọ tuntun, òkú àgbà. Bàbá kàn ń mi orí. Kò lẹ́nu láti béèrè ìyàwó ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló kúkú ní kí wọ́n má gbé e.

Ìbídùn wá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. "Bàbá, fọ́tò kan wà níbí, ta lẹ pè ní Oníbàárà Àkọ́kọ́?"

Bàbá ti gbàgbé pátápátá, orúkọ yẹn ló rán an létí. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù tẹ́nì kankan ò wá, Àyọ̀ká ló kọ́kọ́ jókòó síwájú kámẹ́rà ẹ̀, Bàbá bá ń fi orúkọ yẹn ṣẹ̀fẹ̀ pè é. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, tó ń da fọ́tò àtijọ́ sínú ẹ̀, àárín àwọn oníbàárà ló fi í sí.

"Ṣí i," ni Bàbá wí.

Àyọ̀ká yọ, ọmọge, ó fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń yọ láàrin ìka ẹ̀. Bàbá ṣí fìlà. "Ìbídùn, o ṣeun. Ẹni tó máa tọ́jú tìẹ náà ò ní wọ́n ẹ."

Aládùúgbò tó ni kọ̀ǹpútà béèrè pé báwo làrá ò ṣe rí fọ́tò yẹn jó. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní inú àwọsánmà kúkú nilé àrá, ta ló wá ń dáná sunlé ara ẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà tàn ká gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tó fà á nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí wọ́n bá rí ẹni tó kó gbogbo ohun tó ní sójú kan, àwọn àgbà Òkè-Ìrókò á pa á lówe fún un pé: àrá kì í sán pa àwọsánmà.