Ọjọ́ Tí Òṣùpá Dí Oòrùn

Lọ́sàn-án gangan ni ilẹ̀ ń ṣú lọ ní abúlé apẹja kan. Igbe ta, àwọn ará abúlé bú sẹ́kún. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ìyàwó tuntun tí ọmọ Ìyá Oyèníran gbé wálé kò dáa, kí wọ́n fi ọkọ̀ dá a padà kí oòrùn tó kú tán.

Ìyàwó ń sunkún lábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ. Ìyá ọkọ rẹ̀ náà ń sunkún, ṣùgbọ́n ó dúró gbọn-in níwájú rẹ̀. Bí ìyá ọkọ náà ti dorí kodò, ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ihò àtíbàbà bọ́ sílẹ̀, tó máa ń rí róbótó, ti tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.

Ó pariwo pé, “Ẹ wolẹ̀! Òṣùpá ló dí oòrùn. Ṣebí láti ọjọ́ mélòó kan ló ti ń rù bó ti ń sún mọ́ oòrùn, títí a ò fi rí i mọ́? Òun ló ń kọjá níwájú rẹ̀ yìí. Ẹ dúró!”

Wọ́n dúró. Ìmọ́lẹ̀ ilẹ̀ ń sanra díẹ̀díẹ̀, títí ó fi tún rí róbótó.

Baálẹ̀ ní, “Ìyá, ẹkún ni ò jẹ́ ká ríran.”

Ìyá Oyèníran nu ojú ìyàwó rẹ̀. “Èmi náà sunkún, Baálẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.”