Aṣọ Ìkélé Yàrá Ẹ̀yìn

Ohun-tó-bo-ilẹ̀kùn-ò-bo-òórùn, Iyọ̀-ò-dùn-tó-ẹ̀mí: àwọn awo méjèèjì ló dífá fún Agbọ́tàámọ́lé, ẹ̀ṣọ́ bodè ìlú Ara, ní ọjọ́ tí oúnjẹ ń tán nínú ilé rẹ̀ tí kò sì mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́.

Ẹ má bi mí pé ìlú wo ni Ara. Ìlú tí olúkúlùkù yín gbé wá jókòó síhìn-ín ni. Ẹ̀jẹ̀ ni odò rẹ̀. Etí odò náà ni àwọn ẹ̀ṣọ́ kọ́lé sí, wọ́n sì kéré débi pé ojú ò lè rí wọn. Bí ẹ̀ṣọ́ kan bá rí àjèjì tó yọ́ wọ̀lú, ilé ara rẹ̀ ni yóò gbé e lọ. Yóò tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn, yóò da omi kíkan lé e lórí títí yóò fi yọ́ dànù.

Agbọ́tàámọ́lé ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́. Nígbà tó gbé ọ̀tá kan tí ń jẹ́ Awọlémálọ mọ́lé, ó ní kí òun jẹun ná kí òun tó lọ da omi. Kó tó jẹun tán, Awọlémálọ ti na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, ó ti fa aṣọ onílé lórí okùn, ó ta á bí ìkélé, ó sì kó sẹ́yìn rẹ̀. Agbọ́tàámọ́lé gbé omi kíkan dé, aṣọ ara rẹ̀ ló rí. Ta ní í bi aṣọ ara rẹ̀ pé ta ni ọ́? Ó rò pé ẹ̀ṣọ́ mìíràn ti bá òun parí iṣẹ́. Ó gbé omi rẹ̀ padà.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti ń dínkù. Wọ́n á se ọbẹ̀ ìkòkò kan, kò ní kún àwo méjì. Agbọ́tàámọ́lé ń rù. Ó fura sí eku. Ó fura sí aládùúgbò tó ń kí i jù. Nígbà tó yá, ó fura sí Àyọ̀ká, ìyàwó rẹ̀. Ó ń dùn ún pé òun fura sí i, síbẹ̀ kì í jáde nílé láìyẹ inú ìkòkò wò. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ìfura ti bò lójú kì í wo ìdí ohunkóhun.

Àwọn Agbóòórùn wá dé. Àwọn ni ìlú yàn láti máa gbọ́ òórùn ẹnu ilẹ̀kùn kiri. Ilé tí ọ̀tá bá sá pamọ́ sí, wọn a dáná sun ún tòun tonílé, kí ìlú má baà bàjẹ́. Wọ́n dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà Agbọ́tàámọ́lé. Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n ní àwọn yóò padà ní ọjọ́ kẹjọ.

Ẹ̀rù ló sáré gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn awo. Wọ́n ní kó rúbọ. Wọ́n ní kó da gbogbo iyọ̀ ilé rẹ̀ sódò, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má sì tọ́ iyọ̀ wò fún ọjọ́ méje. Ó bi wọ́n pé kí ni iyọ̀ ṣe.

“Ìwọ àti ìyàwó rẹ lè fara dà á,” ni wọ́n wí. “Ẹni tó ń jẹ yín kò lè fara dà á.”

Agbọ́tàámọ́lé dúpẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò mọ́. Ó ń rò ó lọ́nà pé bóyá àwọn awo ti fi èèyàn sí ìsàlẹ̀ odò tí yóò máa gbọ́n iyọ̀ náà fún wọn. Ẹ wo ọgbọ́n ẹni tí ebi ń pa! Ó da ìkòkò iyọ̀ méjì sódò. Kèrègbè kan ṣẹ́kù, ó gbé e pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn, kí Àyọ̀ká má baà rí i.

Ní ọjọ́ kẹta, kèrègbè náà ti ṣófo. Ó kígbe mọ́ Àyọ̀ká, ó pè é lólè.

“Ẹ wo ẹnu mi,” ni Àyọ̀ká dá a lóhùn jẹ́jẹ́. “Láti ìjẹta ni mi ò ti fi iyọ̀ kan ahọ́n. Èmi rò pé gbogbo rẹ̀ lẹ dà sódò.”

Ojú ti Agbọ́tàámọ́lé. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, ó jókòó ti kèrègbè òfìfo náà, ó ń ṣọ́ ọ. Kò jẹun oníyọ̀, kò kúrò níbẹ̀. Ilé náà ń gbóná bí ara aláìsàn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹfà, òógùn ń kán lára rẹ̀ sílẹ̀. Ó rí i tí ahọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ lábẹ́ aṣọ ìkélé, ó ń lá òógùn náà nílẹ̀.

Ó fa aṣọ náà ya. Awọlémálọ ló jókòó síbẹ̀, àìríyọ̀jẹ ti sọ ọ́ di egungun. Agbọ́tàámọ́lé da omi kíkan lé e. Ó súnkì, ó ká jọ, ó sé ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo líle bí ìgbín ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Agbọ́tàámọ́lé fi ọmọ odó lù ú títí, kò fọ́.

Ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn Agbóòórùn dé pẹ̀lú iná lọ́wọ́. Agbọ́tàámọ́lé kò fi nǹkan kan pamọ́ mọ́. Ó ṣílẹ̀kùn, ó fi èèpo náà hàn wọ́n. Wọ́n wo ètè rẹ̀ àti ti Àyọ̀ká tí àìríyọ̀jẹ ti là, wọ́n mọ̀ pé tọkọtaya náà ti fi iyọ̀ du ọ̀tá. Wọ́n pa iná wọn.

“Máa ṣọ́ ọ,” ni wọ́n wí. “Ọjọ́ tí o bá gbàgbé rẹ̀, a ó mọ̀.”

Ó bẹ Àyọ̀ká, Àyọ̀ká sì gbà. Wọ́n bímọ, ọmọ wọn pọ̀ létí odò. Ṣùgbọ́n títí Agbọ́tàámọ́lé fi darúgbó, ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn ló ń fẹ̀yìn tì jẹun. Awọlémálọ kò kú. Ilé náà kò sì jó.

Ifá ní ká gbọ́ràn, ká rúbọ, kí ire lè bá wa gbé. Ó ní ẹni tó bá rú ẹbọ rẹ̀ ní àbọ̀, ọ̀tá tó wà nínú ilé rẹ̀ ni yóò jẹ àbọ̀ tó kù.