Ọjọ́ tí Odídẹrẹ́ Ki Ọmọ Ìgbín

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ẹ̀gà, tó ń fi kíkì ọmọ tuntun jẹun. Odídẹrẹ́ dé. Ó ti há oríkì ọ̀pọ̀ ẹranko sórí, kì í dúró béèrè ohunkóhun. Ó ki ọmọ Ehoro, wọ́n yọ̀. Ó ki ọmọ Ẹtu, wọ́n jó. Ẹ̀gà ní, “Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.”

Ó kan ìkómọ Ìgbín. Odídẹrẹ́ ní, “Ọmọ asáré-bí-ìjì!” Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Ìgbín bú sẹ́kún.

Ẹ̀gà sún mọ́ ọn. “Ìyá ọmọ, báwo lẹ ṣe bí i?”

“Ìgbà ọ̀dá ni mo bí i. Ọjọ́ méje ni mo fi ru ilé mi wá omi.”

Ẹ̀gà dárin, ẹ bá mi gbè é:
Ọmọ arulé-wómi,
Tèrèrè.
Ọmọ arọra-débi-tó-ń-lọ,
Tèrèrè.

Wọ́n kọ ọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́; àwọn àlejò ń lọ, orin náà lẹ́nu wọn. Odídẹrẹ́ tọ Ẹ̀gà lẹ́yìn: “Ẹ̀gbọ́n, ta ló kọ́ yín pé ká kọ́kọ́ béèrè?”